Ṣẹ́ńjì tí kò sí ń lé oníbàárà lọ: Ohun tí àwọn olùwádìí rí nígbà tí wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù

Ní ọjọ́ iṣẹ́, kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ ti máa ń kún fún èrò. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà. Ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì pọ̀ sí, àwọn tó ń tajà fún wọn kì í jìnnà síbẹ̀. Olóúnjẹ á ti máa bu ìrẹsì, ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì á ti tan ẹ̀rọ rẹ̀, télọ̀ á ti jókòó sídìí máṣíìnì, ẹni tó ń ṣe P.O.S. náà á ti na agbòòrùn rẹ̀ sókè.

Owó ń wọlé, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ bí oṣù bá parí tí wọ́n bá ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníṣòwò: ibo ni owó ọ̀hún gbà lọ?

Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn kò ṣòro. Láti 29 oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọjà kò dúró lójú kan mọ́. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège. Owó ṣọ́ọ̀bù ń gòkè. Òótọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sì sí èyí tí oníṣòwò kékeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ìwádìí táwọn onímọ̀ ti ṣe káàkiri ayé, títí kan Nàìjíríà, Gánà àti Tógò, fi hàn pé apá kan nínú owó náà kò bá epo lọ, kò sì bá iná lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù gan-an ló ti ń jò, níbi tí ọlọ́jà kò fojú sí. Èyí tó sì yẹ kó dùn mọ́ oníṣòwò nínú ni pé apá yìí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń ṣe irú ìwádìí yìí ni wọ́n ń pè ní operations management lédè Òyìnbó. Orúkọ náà tóbi létí, àmọ́ kò ju bí èèyàn ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ: iye ọjà tó yẹ kó wà nílẹ̀, ìgbà tó yẹ kó lọ ra òmíràn, bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí oníbàárà ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó dá a lóhùn, àti ohun tó ń ṣòfò. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ń ṣe é, ìyá tó ń dín àkàrà náà ń ṣe é.

Láti orí tábìlì dé inú ṣọ́ọ̀bù

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣirò orí ìwé ló gbajúmọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ yìí. Ní ọdún 1913, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Ford Harris, gbé ìṣirò kan jáde nípa iye ọjà tó yẹ kí iléeṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá pọ̀ jù, owó á há sínú ọjà tó wà nílẹ̀. Bí ó bá kéré jù, ìnáwó àti wàhálà títún bẹ̀rẹ̀ lemọ́lemọ́ á jẹ èrè. Oníṣòwò tó ń ti Alágbàká lọ sí Ọjà Ọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti ra ọjà díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tí Harris ń sọ, nítorí owó ọkọ̀ ló ń san lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní ọdún 1961, ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní Amẹ́ríkà, John Little, fi ẹ̀rí hàn pé iye èèyàn tó máa wà nínú ṣọ́ọ̀bù lápapọ̀ kò ju iye tó ń wọlé ní wákàtí kan lọ, tí a bá fi iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí èèyàn 12 bá ń wá ṣe fọ́tókópì ní wákàtí kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń lo ààbọ̀ wákàtí, èèyàn 6 ni yóò máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí àga ibẹ̀ bá jẹ́ 4, èèyàn 2 ló máa dúró sínú oòrùn, ojú wọn á sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àmọ́ bí ẹni náà bá ya àwọn tó fẹ́ ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó fẹ́ di ìwé ńlá pọ̀, tí àkókò náà sì wálẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èèyàn 3 péré ló máa kù lórí ìdúró. Kò ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́.

Ìṣirò báyìí wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ṣé ohun tí wọ́n ń ṣírò lórí tábìlì ló ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ lóòótọ́. Ní ọdún 1990, Barbara Flynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Journal of Operations Management, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí olùwádìí kó ẹ̀rí jọ láti ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti ń gbòòrò sí i.

Ìwé ìbéèrè ló kọ́kọ́ pọ̀: olùwádìí á bi ọ̀gá iléeṣẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, ìyẹn á sì kọ ìdáhùn. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ ó ní àléébù. Kò sí ọlọ́bẹ̀ tí yóò sọ pé ọbẹ̀ òun kò dùn. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí fi yíjú sí ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń sọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò, níbi tí wọ́n ti ń yí nǹkan kan padà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kan, tí wọn ò sì yí i padà ní tàwọn mìíràn, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

Ìwé ń sọ̀kan, pẹpẹ ń sọ òmíràn

Nínú àwọn ìwádìí tó wo àkọsílẹ̀, ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 2008, Nicole DeHoratius àti Ananth Raman gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nípa ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 370,000 láti ẹ̀ka 37, wọ́n sì fi ohun tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó wà nílẹ̀ wé ohun tí wọ́n kà lórí pẹpẹ. Ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ náà ni kò bára mu.

Bí ilé ìtajà tó ní kọ̀ǹpútà bá lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ẹni tó gbé gbogbo ìṣirò rẹ̀ sórí? Olè kọ́ ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Wọ́n lè gbé ọjà sí ibi tí kò yẹ. Ọjà lè bàjẹ́ kí wọ́n má sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọọṣẹ́ lè ta páálí kan kó kọ ẹyọ kan. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ tiwa ni ti ìyá onímílíìkì tó mú agolo méjì lọ sílé fún àwọn ọmọ, tó sì gbàgbé pé òun mú un. Nígbà tí oníbàárà bá dé, tí wọ́n ní ó wà tí wọ́n wá a tì, ibòmíràn ni ẹni náà yóò gbé owó rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré

Ìwádìí tó sún mọ́ oníṣòwò kékeré jù lọ wá láti ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Lori Beaman, Jeremy Magruder àti Jonathan Robinson ló ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2014. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: oníbàárà mélòó ló ń lọ láì rajà nítorí pé ọlọ́jà kò ní ṣẹ́ńjì? Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún èrè oníṣòwò ló ń bá ọ̀nà yìí lọ.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn olùwádìí náà kò fún ẹnikẹ́ni ní owó. Ní ọ̀dọ̀ àwọn kan, ìbéèrè nìkan ni wọ́n ń bi wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé oníbàárà mélòó ló lọ nítorí ṣẹ́ńjì. Ní ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, wọ́n ṣírò iye tó ń sọnù fún wọn. Ìyẹn nìkan ti tó. Àwọn oníṣòwò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ṣẹ́ńjì, ọjà tó ń sọnù sì dín kù. Kì í ṣe pé wọn kò lè rí ṣẹ́ńjì tẹ́lẹ̀, ọkàn wọn ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Bí olóúnjẹ kan ní Alágbàká bá ń pàdánù oníbàárà 4 lójúmọ́ nítorí ṣẹ́ńjì, tí èrè orí àwo oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦200, ₦800 ló ń lọ lójúmọ́. Bó bá ń tà fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù, ó ti di ₦17,600. Lọ́dún kan, ₦211,200 nìyẹn. Kò sí olè tó máa jí iye yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ní pariwo rẹ̀, àmọ́ nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, kò sẹ́ni tó ń ké.

Àwọn kan á ní tiránsífà ti yanjú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì. Ó yanjú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n lóde nítorí pípààrọ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tiránsífà àti P.O.S. ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fi gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, tí oníbàárà sì dúró títí tí owó kò wọlé, ọ̀ràn ṣẹ́ńjì náà ló tún yọjú ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá sì ń fi tọ́míntọ́mì dípò ṣẹ́ńjì yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá oníbàárà náà padà wá.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké

Ìdánwò tó lókìkí jù nínú irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 lẹ́bàá Mumbai ní Íńdíà. Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá iléeṣẹ́ aláṣọ 17 tí wọ́n ní ibi ìhunṣọ 28. Ilẹ̀ ibi iṣẹ́ dọ̀tí, òwú wà káàkiri láìní àkọsílẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tó fà á. Wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn kan rí olùdámọ̀ràn gbà fún oṣù márùn-ún, àwọn mìíràn gba ti oṣù kan péré. Gbígbá ilẹ̀, kíka òwú, kíkọ àbùkù ara aṣọ sílẹ̀ àti títọ́jú ẹ̀rọ kó tó bàjẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Láàárín ọdún kan, ìwọ̀n iṣẹ́ tó ń jáde nínú ohun èlò àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè.

Nígbà tí àwọn olùwádìí náà padà lọ ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn àṣà tuntun náà ni wọ́n ti jù nù. Lára ohun tó fà á ni pé máníjà tó mọ̀ ọ́n ti lọ, tàbí ọ̀gá kò ráyè mọ́. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ yẹn ṣì ta àwọn yòókù yọ.

Nítòsí wa, ní Lomé, olú ìlú Tógò, wọ́n pín oníṣòwò kékeré 1,500 sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí gbogbo ayé mọ̀, bíi kíkọ ìwé owó àti ìpolówó. Àwọn kan gba ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn láti máa fojú sọ́nà, kí wọ́n má dúró dìgbà tí ìṣòro bá dé, kí wọ́n sì máa wá ohun tó yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Àwọn yòókù kò gba nǹkan kan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017: èrè àwọn tó gba ẹ̀kọ́ kejì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ, nígbà tí ti àwọn tó gba ẹ̀kọ́ àtijọ́ jẹ́ ìdá 11, èyí tó kéré débi pé kò dá àwọn olùwádìí lójú pé ẹ̀kọ́ náà ló fà á.

Ní Nàìjíríà níbí, Stephen Anderson àti David McKenzie wo iléeṣẹ́ kéékèèké 753 ní Èkó àti Abuja, iṣẹ́ wọn sì jáde ní ọdún 2022. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé dandan ni kí ọ̀gá mọ ohun gbogbo ṣe? Àwọn kan lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní kíláàsì, àwọn kan rí olùdámọ̀ràn, wọ́n bá àwọn kan gba òṣìṣẹ́ tó mọ ìṣirò owó tàbí ìpolówó, wọ́n sì bá àwọn mìíràn gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó ń ṣe é fún èèyàn. Àwọn tó gba ẹlòmíràn láti ràn wọ́n lọ́wọ́ tún iṣẹ́ wọn ṣe ju àwọn tó lọ sí kíláàsì lọ, wọ́n sì ṣe dáadáa tó àwọn tó ní olùdámọ̀ràn, ní nǹkan bí ìdajì owó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló so èso

Ó yẹ kí oníṣòwò gbọ́ apá kejì náà. Ní Accra, Dean Karlan, Ryan Knight àti Christopher Udry bá télọ̀ 160 ṣiṣẹ́. Àwọn kan gba ìmọ̀ràn, àwọn kan gba owó, àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn télọ̀ náà tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́ wọn, àmọ́ èrè wọn kò gòkè, nígbà tó sì yá, wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí fi hàn pé ìmọ̀ràn tó bá ẹnì kan mu lè má bá ẹlòmíràn mu.

Ní Sialkot ní Pákísítánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, àwọn olùwádìí fún àwọn iléeṣẹ́ ní ohun ìgénà tuntun tí yóò dín bí awọ àtọwọ́dá ṣe ń ṣòfò kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló lò ó. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé iye ègé ni wọ́n fi ń san owó fún àwọn tó ń gé awọ, ohun èlò tuntun náà sì ń fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Èrè náà jẹ́ ti ọ̀gá, òfò jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn tó tó nǹkan bí owó oṣù kan fún òṣìṣẹ́ tó bá fi hàn pé òun ti mọ̀ ọ́n lò, iye iléeṣẹ́ tó gbà á pọ̀ sí i. Télọ̀ tó fẹ́ kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ má fi aṣọ ṣòfò mọ́ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀: kó kọ́kọ́ bi ọmọọṣẹ́ náà pé kí ni yóò rí jẹ nínú rẹ̀.

Ohun tí ìwé kékeré àti báírò lè ṣe

Oníṣòwò Alágbàká kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó ti tó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó máa kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́: oníbàárà tó lọ láì rajà àti ìdí tó fi lọ, bóyá ṣẹ́ńjì ni, nẹ́tíwọ̀kì ni, ọjà tó tán ni tàbí ìdúró tó pẹ́, ohun tó bàjẹ́ tàbí tó lọ sílé láì sanwó, àti ọjà márùn-ún tó ń tà jù, kó kà wọ́n lórí pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó sì fi wọ́n wé ìwé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó mú ẹyọ kan tó ń jẹ owó jù, kó yí i padà, kó sì tún kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Bó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tó kan àwọn tó ń tà fún òṣìṣẹ́ ìjọba ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọjà kì í rí bákan náà ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé àti ọ̀sẹ̀ tí àpò ti gbẹ. Bí olóúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, tí ọjà sì yá, ó lè rò pé ètò náà ló ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé owó oṣù ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń ṣẹ́ kèké, tí wọ́n sì ń fi àwọn kan sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn wọ́n. Oníṣòwò kò lè dá irú rẹ̀ ṣe, àmọ́ ó lè fi ọ̀sẹ̀ owó oṣù wé ọ̀sẹ̀ owó oṣù, kó sì fi ọ̀sẹ̀ ọ̀dá wé ọ̀sẹ̀ ọ̀dá.

Bákan náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ láti FUTA tàbí iléèwé gíga mìíràn bá mú ìwé ìbéèrè wọ ṣọ́ọ̀bù, kò yẹ kí wọ́n lé e dànù. Oníṣòwò lè ní kó dúró fún ọjọ́ méjì, kó bá òun ka iye oníbàárà àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí òótọ́ kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀, ọlọ́jà náà á sì mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Owó epo kò ní wálẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní Alágbàká ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, ẹni náà yóò lè tọ́ka sí ibi tí ₦17,600 gbà lọ, yóò sì mọ̀ bóyá ṣẹ́ńjì ₦5,000 tó yẹ kó wà nínú àpótí láàárọ̀ lè dá a padà.